Èmi àti bàálé mi pààrọ̀ ìwé kà, Sẹ̀gilọlá bá pín wa sí méjì

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ni èmi àti Bàbá Ìbejì ti ń kàwé lálaalẹ́. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn, tí mo bá ti kó aṣọ oníbàárà kúrò lórí tábìlì, a ó tan àtùpà, oníkálùkù á sì fa tirẹ̀ jáde. Ìwé Yorùbá nìkan la fi ṣe àdéhùn. Tí a bá kà á tán, a ó pààrọ̀, lẹ́yìn náà la ó wá jókòó sọ bó ṣe rí lára wa.

Èyí tí wọ́n mú ni Àjà Ló Lẹrù, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Èyí tí èmi mú ni ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí I. B. Thomas ń gbé jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti 1929 wọ 1930. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, lẹ́tà ni wọ́n fi kọ ọ́. Obìnrin kan tó ti darúgbó, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ l'Ékòó, ló ń kọ̀wé sí olóòtú. Ó ń ròyìn bí òun ṣe fi ẹwà jayé, bí òun ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, títí tí òun fi di ẹni tí ń dá jókòó sunkún. Ó ń bẹ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kí wọ́n fi òun kọ́gbọ́n.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kà á, inú sì bí mi. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀! Olóòtú fúnra rẹ̀ ló jókòó kọ gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin ló gbé ohùn obìnrin wọ̀ bí ẹ̀wù, tó fi ẹnu obìnrin bú obìnrin. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ jẹ ayé yẹn ńkọ́? Ta ló ní kí àwọn náà wá kọ lẹ́tà àbámọ̀?

Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Mo ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ní Apáàrà níbí. Ọkọ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ táwọn èèyàn ń pe orúkọ wọn bí ẹni ń pe orúkọ àrùn. Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé àbíkú ló lé wọn kúrò nílé ọkọ àkọ́kọ́, pé ikú ló mú ọkọ kejì lọ. Nígbà tí mo rí i tí wọ́n pe Sẹ̀gilọlá ní "ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé" lára ìwé yẹn, ojú Ìyá Àgbà ni mo rí.

Bàbá Ìbejì ní mi ò ka ìwé náà dáadáa. Ẹ gbà wá o.

Bàbá Ìbejì Ìṣokùn

Ẹ kú ìjókòó. Èmi ni wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àbẹ̀kẹ́, bí mo ṣe sọ ọ́ kọ́ nìyẹn. Mo ní ojú lo fi ka ìwé náà, etí ló yẹ kó o fi kà á. Èmi náà fojú kà á lákọ̀ọ́kọ́, ó sì tètè sú mi. Ẹkún, àbámọ̀, ẹsẹ Bíbélì, ẹkún. Lọ́jọ́ Sátidé tí ò ń lọ aṣọ lọ́wọ́, tí mo wá ń kà á sókè fún ara mi, mo gbọ́ nǹkan tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìgbà èwe rẹ̀, ohùn obìnrin yẹn á yí padà. Á dárin tó lòde nígbà náà. Á pa òwe. Á ròyìn ara rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn ìyàwó ọ̀ṣìngín. Lẹ́yìn náà ló máa rántí pé ẹkún ló yẹ kí òun máa sun, á tún padà síbẹ̀.

Mo ní, ẹni yìí ò tíì kábàámọ̀ tán. Ayé tó jẹ náà ṣì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó lè jẹ́ pé Thomas fẹ́ fi í dẹ́rù ba àwọn ọmọbìnrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí mo sọ nìyí, mo sì dúró lé e.

Tíṣà Àgbà Ọ̀wọ́dé

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn débi pé mo dìde láti kọ èyí. Ọdún 29 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama, n kò rí tọkọtaya tó gbé Sẹ̀gilọlá sáàárín báyìí rí.

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé ìwé yìí ni ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Ó ti di ìwé ní 1930, Fágúnwà kò sì tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde títí di 1938. Ó pẹ́ tí ìwé Thomas fi ṣọ̀wọ́n. Ní 2012 ni Karin Barber, òyìnbó tó gbọ́ Yorùbá bí ọmọ bíbí ibẹ̀, tún un gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ìyá Ìbejì gbọ́ nìyí. Nígbà tí lẹ́tà wọ̀nyẹn ń jáde, àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Wọ́n ń kọ̀wé sí Akéde Èkó láti bá a kẹ́dùn. Àwọn mìíràn fi owó ránṣẹ́, kí olóòtú bá wọn fún un. Ẹ ò rí i pé àwọn ará Èkó ìgbà náà kò kàn dá a lẹ́jọ́. Wọ́n ṣàánú rẹ̀.

Ẹ tún wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Fágúnwà náà kò sọ pé òun lòun ń sọ ìtàn. Bàbá arúgbó kan ló bá a, tó ní kó mú gègé àti ìwé, kó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ. Àwọn baba wa tó kọ́kọ́ kọ̀wé mọ̀ pé a kì í gba ìtàn gbọ́ bí a kò bá rí ẹnu tó ti jáde.

Ọmọ Ajílété

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kí yín, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́.

Mọ̀mọ́ Ìbejì, ẹ̀yìn bàálé yín ni mo wà. Tí ọkùnrin ò bá gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin, a jẹ́ pé obìnrin náà ò gbọdọ̀ kọ ìtàn ọkùnrin, arúgbó ò gbọdọ̀ kọ ìtàn ọmọdé. Báwo la ó ṣe máa sọ̀tàn? Nígbà tí eégún bá jáde, ṣé a máa ń bèèrè ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ ni? Ohùn tó bá ti ibẹ̀ jáde là ń dáhùn. Thomas gbé agọ̀ wọ̀, ó sọ̀rọ̀, ará ìlú dáhùn. Kí ló burú?

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán

Tíṣà, ẹ ṣeun sà. Mi ò mọ̀ nípa owó yẹn. Mo ṣì ń rò ó.

Ọmọ Ajílété, ẹ dúró kí n dá yín lóhùn. Ẹ mú eégún wá, èmi ó mú ẹkún ìyàwó wá. Ọ̀yọ́ la wà, Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ wà, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin ọmọbìnrin lọ sílé ọkọ, ta ló ń sun ẹkún náà? Òun fúnra rẹ̀ ni. Á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, á dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, á kí ẹbí, á sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù nípa ilé tó ń lọ. Àwọn obìnrin àgbà ló kọ́ ọ. Kò sí ọkùnrin tó máa bọ́ síwájú pé òun fẹ́ bá a sun ún. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé olúwa rẹ̀ ló ni ín. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Mi ò ní kí ọkùnrin má kọ nípa obìnrin. Mo ní bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹkún rẹ̀ sun, kẹ́ ẹ sun ún bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn.

Ó yá, mo ti ka Àjà Ló Lẹrù tán lánàá. Mo gbà fún Bàbá Ìbejì lórí èyí: ìwé náà ń sáré. Lápàdé, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá rí tó wá ń lé àwọn ọ̀daràn kiri fúnra rẹ̀, ó wù mí, nítorí pé kò ní sùúrù fún irọ́. Òwe ẹnu rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n tò sílẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó ń fi òwe búni, ó ń fi pani lẹ́rìn-ín, ó ń fi dẹ́rù bani. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ka ibì kan lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n mi ò rántí obìnrin kan níbẹ̀ tó wọ̀ mí lọ́kàn bí Lápàdé ṣe wọ̀ mí. Mo parí ìwé, ọkùnrin nìkan ló kù lójú mi.

Àdùkẹ́ Sábó

Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti ń rí ìwé wọ̀nyí rà? Gbogbo ibi tí mo dé, ìwé ìdánwò nìkan ni wọ́n ń tà.

Bàbá Ìbejì Ìṣokùn

Àdùkẹ́, ọwọ́ oníwèé àlòkù n'Íbàdàn ni mo ti rí Àjà Ló Lẹrù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti bọ́, ojú ewé rẹ̀ pé. Ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì náà, àwọn ni wọ́n ní i nílé.

Àbẹ̀kẹ́, lórí Òkédìjí, mi ò ní í gbà fún ọ tán. Ọmọ Ọ̀yọ́ níbí ni bàbá yẹn, ọdún 1929 ni wọ́n bí wọn, ọdún kan náà tí Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde l'Ékòó. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, ọ̀nà tí Fágúnwà là ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń tọ̀: igbó, iwin, ọdẹ. Òkédìjí ló mú wa jáde kúrò nínú igbó wá sí títì Ìbàdàn, ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ìbọn rọ́pò ọfọ̀, Yorùbá tó fi kọ ọ́ kò sì lábùlà. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì mọ ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan tò wọ ara wọn. Ìwé yẹn tò. Ohun tó bá jù síbì kan lónìí, á padà wá gbé e lẹ́yìn ojú ewé ọgbọ̀n.

Ti àwọn obìnrin, òótọ́ lo sọ. Mi ò ṣàkíyèsí rẹ̀ rárá títí o fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé yẹn láti ìgbà tí mo ti wà ní girama.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹkún ìyàwó. Ìyá Ìbejì, o ti fi ọwọ́ ara rẹ bá mi gbé ẹrù mi. Kí ló wà nínú ẹkún ìyàwó? Ṣé omi ojú nìkan ni? Mo ti gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń sin àbúrò bàbá mi. Ọmọ náà ń sunkún pé òun ń lọ, ó sì ń fi ẹwà ara rẹ̀ yangàn, ó ń fọ́nnu pé òun ò ba orúkọ bàbá òun jẹ́, ó ń fi àwọn tó ń gàn án ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹkún àti ìyangàn nínú ẹnu kan ṣoṣo. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu Sẹ̀gilọlá gan-an nìyẹn! Thomas gbọ́ ohùn yẹn níbì kan. Kò lè dá a dá. Lẹ́nu àwọn obìnrin ló ti gbọ́ ọ.

Ọmọ Jọ́bẹ̀lẹ̀

Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára o.

Èmi àti ìyàwó mi, orí fóònù la máa ń wà lálẹ́. Èmi ń wo tèmi, òun ń wo tirẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan ká tó sọ ohun tó ju owó oúnjẹ àti owó iléèwé lọ. Mo fi ọ̀rọ̀ yín hàn án ní àárọ̀ yìí, ó ní kí n wá ìwé kan. Wàhálà mi ni pé bí mo bá ń ka Yorùbá, mo ń fẹsẹ̀ kọ. Àmì orí ọ̀rọ̀ ń dà mí rú.

Tíṣà Àgbà Ọ̀wọ́dé

Ọmọ Jọ́bẹ̀lẹ̀, kà á sókè. Ẹnu rẹ mọ ohun tí ojú rẹ ò mọ̀. Bó o bá pe "ọkọ́" dípò "ọkọ̀", etí rẹ fúnra rẹ̀ ló máa bá ọ wí. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ ka ojú ewé kan, kí ìwọ ka ìkejì. Oṣù kan ti tó fún ọ.

Bàbá Ìbejì, bí ẹ bá ń wá ìwé tó kàn, ẹ wá Johnson. Ìlú yìí ni Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run, ibí ló ti parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, mo mọ̀ pé àdéhùn yín kò gba ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ fi orí jì í. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ó sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901 láìfojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ, tó fi jáde ní 1921, nígbà tí òun náà ti kú. Ẹ bá mi rò ó o: ìwé tí gbogbo wa ń dárúkọ pé Johnson sọ, Johnson sọ, Johnson wo nínú àwọn méjèèjì ló sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ pé ohùn ta ni, kò mọ sórí Sẹ̀gilọlá.

Ọmọ Ajílété

Mọ̀mọ́ Ìbejì, mo ti fara mọ́ ọn ní ìdajì. Ẹkún ìyàwó yẹn ti mú mi. Ìyá tó bí mi sun ún kí wọ́n tó wọlé bàbá mi, mi ò sì ní kí wọ́n sun ún fún mi rí. Mo máa pè wọ́n lálẹ́ yìí.

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán

Mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí láti àná, mò ń pa á rẹ́.

Bàbá Ìbejì, mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ẹ kà á sókè fún mi, tí ẹ ń dá àwọn orin yẹn, mo rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti bínú tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé ohùn obìnrin wà níbẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni òpin rẹ̀. Èmi ò rò pé obìnrin tó ní ẹnu báyẹn á jẹ́ kí wọ́n fi òun parí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí ìyẹn la wà, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn ká wà níbẹ̀.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé ìwé náà lọ sí Apáàrà. Mo bá Ìyá Àgbà lórí àga wọn níwájú ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ojú wọn ò ríran kàwé mọ́. Mo ní ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan kan fún yín. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á rò pé mo ń fi ìwé bá wọn wí. Mo sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ìtàn àròsọ ni, ọkùnrin ló kọ ọ́. Wọ́n ní kí n ṣáà kà.

Mo kà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Níbi tí orin wà, wọ́n ń fi orí gbè é. Níbi tí ẹkún wà, ọwọ́ wọn ò dúró lára ẹ̀gúsí. Nígbà tí mo dé ibi tó ń bẹ àwọn ọmọbìnrin pé kí wọ́n má ṣe bíi tòun, wọ́n ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀, padà síbi orin." Mo padà.

Mo wá sọ ohun tí Tíṣà sọ fún wa, pé àwọn èèyàn gbà á gbọ́, pé wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí olóòtú kó bá wọn fún ìyá arúgbó tó ń ṣàìsàn. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ní, "Ta ló wá ná an?"